Bí Ẹ Ó Ṣe Yan Ẹ̀rọ Awáẹja Tó Ní GPS fún Ọkọ̀ Ìpẹja Yín

Orí yìí wà fún ẹni tó ní ọkọ̀ ìpẹja, ìbáà jẹ́ lórí ọ̀sà láti Ẹ̀pẹ́ sí Lẹ́kì, ìbáà jẹ́ ní etíkun Ìlàjẹ níbi tí ọkọ̀ ti ń la ìgbì kọjá sójú agbami, tó sì ti kó owó jọ láti ra ẹ̀rọ tí àwọn oníṣòwò ń pè ní fish finder. Ẹ̀rọ awáẹja la ó máa pè é níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá bá mi nítorí ẹ̀rọ yìí, bí ojú rẹ̀ ṣe tóbi tó ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, ìyẹn sì máa ń kọ mí lóminú. Ohun mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ń ṣe fún apẹja. Ó ń sọ bí omi ṣe jìn tó, ó ń fi ohun tó wà láàárín omi hàn, ó sì ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà gan-an. Ìkẹta yìí ni iṣẹ́ GPS, òun ló sì ń mú èèyàn délé. Bí owó yín kò bá lè ra ojú ńlá àti GPS pa pọ̀, ẹ ra olójú kékeré tó ní GPS.

Ohun tí ẹ ó kó sílẹ̀

Ẹ wá okùn tín-ínrín tó gùn tó mítà 50, ẹ so òjé tó wúwo mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo kókó kẹwàá, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn kí ọwọ́ má baà ṣì í kà. Ẹ ní ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù, torí omi kì í pa pẹ́ńsùlù rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó nílò téèpù ìwọnlẹ̀, bátìrì fólítì 12 àti àpótí oníke olómorí tí yóò máa gbé inú rẹ̀, wáyà, fíùsì tó bá ohun tí ìwé ẹ̀rọ kọ mu, sukúrúù tí kì í dípẹtà, àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ojú omi. Kọ́ńpáàsì àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ti yẹ kó wà nílẹ̀. Bí wọn kò bá sí, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó yín rà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn omi yín

Ẹ má tíì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọ ọkọ̀, ẹ lọ sí ibi márùn-ún tí ẹ sábà máa ń da àwọ̀n sí, kí ẹ sì sọ òjé náà sómi. Nígbà tí okùn bá dẹ̀ lọ́wọ́ yín, òjé ti kanlẹ̀ nìyẹn. Ẹ fà á le díẹ̀, ẹ ka kókó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ìdí òjé náà bó bá gòkè: bí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ kọ ẹrẹ̀, bó bá jẹ́ iyanrìn, ẹ kọ iyanrìn, bó bá ha gbẹrẹgẹ̀dẹ̀ tí kò gbé ohunkóhun bọ̀, àpáta tàbí ilẹ̀ líle ló bá pàdé.

Ẹni tó ń pẹja lórí ọ̀sà yóò rí i pé òun kò lò ju kókó díẹ̀ lọ nínú okùn gígùn yẹn. Ọ̀sà Èkó àti ti Lẹ́kì kò jìn, ibi púpọ̀ wà níbẹ̀ tí ọ̀pá ìtukọ̀ ń kanlẹ̀. Ti òkun yàtọ̀. Ilẹ̀ abẹ́ òkun máa ń rọra lọ sísàlẹ̀ láti etíkun, àmọ́ ní iwájú Ìlàjẹ, àfonífojì ńlá kan wà lábẹ́ omi tí àwọn onímọ̀ òkun ń fi Mahin pè, òmíràn tí wọ́n ń pè ní Avon sì wà ní apá Èkó. Ní irú ibẹ̀, omi lè jìn lójijì. Ohun tó wà nínú ìwé kékeré yín ni yóò sọ irú ẹ̀rọ tí ẹ ó rà, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan etí ẹ̀rọ kí ẹ tó yan ojú rẹ̀

Ohun kékeré dúdú tó ń wọnú omi, tí ìwé ń pè ní transducer, tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní sẹ́ńsọ̀, òun ni ọkàn ẹ̀rọ náà. Ó ń ké sí ìsàlẹ̀ omi, ó sì ń dákẹ́ gbọ́ ìró tó padà wá. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 1,500 nínú omi láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ sì ń fi àkókò tí ìró náà fi lọ tó fi bọ̀ ṣírò bí omi ṣe jìn. Àwọn apẹja Gánà ti ń fi etí wá ẹja tipẹ́: wọn a ti àjẹ̀ bọ omi, wọn a gbé etí lé ọrùn rẹ̀ láti gbọ́ ariwo ẹja nísàlẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ń gbọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pariwo.

Ariwo náà ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Èyí tó ń ké ní 200 kHz sábà máa ń ní ariwo tóóró, tí igun rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 20°. Ní omi mítà 3, ibi tó ń rí nísàlẹ̀ kò fẹ̀ ju mítà kan lọ. Ní mítà 30, yóò fẹ̀ tó mítà 10 àti díẹ̀. Ẹ rí i pé lórí ọ̀sà, abẹ́ ọkọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń wò. Ẹja tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ní mítà méjì sí yín, kò lè rí i. Èyí tó ń ké ní 50 kHz ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń jìn sísàlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹja méjì tó sún mọ́ra lè dà bí ẹyọ kan.

Fún ọ̀sà, 200 kHz tó yín. Fún òkun, ẹ wá sẹ́ńsọ̀ tó ń ké ní ohùn méjì, irú 50 àti 200, tàbí 83 àti 200. Èyí tí wọ́n kọ CHIRP sí lára ń ké láti ohùn kan dé òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán rẹ̀ sì ń yàtọ̀ sí ti àtijọ́: ẹja tó wà nítòsí ilẹ̀ kì í bọ́ mọ́ ilẹ̀ lójú yín. Bí iye owó méjèèjì kò bá jìnnà síra, ẹ mú CHIRP.

Ẹ ṣọ́ra fún iye wáàtì. Oníṣòwò yóò fi páálí hàn yín tí wọ́n kọ wáàtì 4,000 sí. Ẹ bi í pé èló ni RMS rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n agbára rẹ̀ gan-an. Wáàtì 4,000 tí wọ́n ń pè ní peak-to-peak kò ju 500 RMS lọ, torí ìlọ́po mẹ́jọ ni ọ̀kan jẹ́ sí èkejì. Ẹ̀rọ méjì lè ní agbára kan náà kí iye ara páálí wọn má sì bára mu rárá. Bákan náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ní ó lè rí ìsàlẹ̀ jìn tó. Garmin Striker 4, ẹ̀rọ kékeré kan tó wọ́pọ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà 1,600 fún omi tí kò níyọ̀, àmọ́ 750 péré ni wọ́n kọ fún omi iyọ̀. Omi òkun ń gbé ìró mì. Apẹja òkun kò gbọdọ̀ fi iye ti omi tí kò níyọ̀ tan ara rẹ̀ jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo ọkọ̀ yín dáadáa

Ọkọ̀ onípákó ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ìró kì í la pákó kọjá dáadáa, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé kí ẹ lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́ inú rẹ̀. Lílẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọkọ̀ ṣeé ṣe nínú ọkọ̀ fáíbà tí fáíbà rẹ̀ wà lódindi, láìsí fóòmù tàbí pákó láàárín.

Ẹ ronú lórí bí ẹ ṣe ń gúnlẹ̀. Ẹni tó ń so ọkọ̀ mọ́ jẹ́ẹ́tì lè kan sẹ́ńsọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ́ ọkọ̀ gun iyanrìn lójoojúmọ́, tí ìgbì ń ti lẹ́yìn, yóò fi iyanrìn họ sẹ́ńsọ̀ náà kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó so ó mọ́ ìdí ọ̀pá irin tàbí igi líle, kí ó ṣe ìdè tí ọ̀pá náà yóò fi lè gòkè, tí yóò sì tún sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ èbúté, ẹ fà á sókè. Kò wuyì lójú, àmọ́ ó ń pẹ́.

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì yín náà. Èyí tí a ń fi okùn fà kò ní bátìrì kankan, nítorí náà ẹ ó ra bátìrì fún ẹ̀rọ yìí lọ́tọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ ìdajì áńpíà ní wákàtí kan, bátìrì 7 Ah yóò gbé e fún wákàtí 14 lórí ìwé. Àmọ́ bátìrì oníòjé tí ẹ bá ń lò tán pátápátá kì í pẹ́ kú, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ fọkàn sí: wákàtí 7. Ẹni tó ń da àwọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ tó ń kó o ní òwúrọ̀ nílò 12 Ah ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: GPS

Ẹ bi oníṣòwò ní ìbéèrè kan tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀: ṣé ó ń gba máàpù, àbí ó kàn ń pa àmì mọ́? Striker 4 tí mo dárúkọ ní GPS, yóò pa ibi tí ẹ da àwọ̀n sí mọ́, yóò sì ya ipa ọ̀nà tí ẹ gbà, àmọ́ kò ní máàpù, kò sì ṣeé ki máàpù sí. Apẹja ọ̀sà lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́ dáadáa. Máàpù tí wọ́n ń tà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ inú ọ̀sà wa, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ń yí padà bí àwọn tó ń wa iyanrìn ṣe ń gbẹ́ ẹ. Máàpù tó dára jù lọ fún yín ni èyí tí ẹ fúnra yín bá yà: ẹ tan ẹ̀rọ láti èbúté, ẹ rìn ní ọ̀nà tí ẹ mọ̀ pé ó jìn, kí ẹ sì pa ipa ọ̀nà náà mọ́. Ní ọjọ́ tí ojú kò bá ríran, orí ìlà yẹn ni ẹ ó máa bọ̀.

Sátẹ́láìtì mẹ́rin ó kéré tán ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí kí ó tó mọ ibi tí ẹ wà dáadáa. Èyí tó ń gbọ́ ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú GLONASS ti Rọ́ṣíà tàbí Galileo ti Yúróòpù ń tètè rí wọn, àṣìṣe rẹ̀ kì í sì í ju mítà díẹ̀ lọ lójú omi gbangba. Ẹ wá bọ́tìnì MOB lára rẹ̀. Bí èèyàn bá já sómi, ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò pa ibẹ̀ mọ́ lójú ẹsẹ̀, yóò sì tọ́ka yín padà síbẹ̀. Ẹ kọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ náà lè jẹ́ ẹni tó já sómi.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ kan, mo wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá kan tó ti ń pẹja ní Ìlàjẹ kí wọ́n tó bí mi. Ọyẹ́ bo ojú òkun, a kò rí etíkun, atẹ́gùn sì ti dákẹ́. Bàbá nawọ́. “Ọmọ mi, apá ibí yìí ni ilẹ̀ wà.” Ẹ̀rọ ní apá òdìkejì ni. Mo yọ kọ́ńpáàsì, mo gbé e síwájú wọn. “Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo eléyìí náà.” Wọ́n tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ títí tó fi dúró. Kọ́ńpáàsì àti ẹ̀rọ fẹnu kò. Bàbá kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: “Ó dáa, yí ọkọ̀.” Láti ọjọ́ yẹn, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra GPS láìní kọ́ńpáàsì, torí bí ẹ̀rí méjì bá wà, ìjà kò sí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ọfà GPS lè máa yí kiri. Ó ní láti rìn kí ó tó mọ ibi tí ó kọjú sí.

Ẹ kíyè sí bí a ṣe ń kọ ibi tí èèyàn wà. Láti Lomé dé Calabar, N àti E ni àwa ń lò. Bí ẹ bá rí W, ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ ṣì. Àṣìṣe tó léwu jù ni ti àmì ìdá mẹ́wàá. Bí ọ̀rẹ́ yín bá fún yín ní 6°24.5′ tí ẹ sì tẹ 6.245°, ẹ̀rọ yóò mú yín lọ sí ibi tó jìnnà tó kìlómítà 18 sí ibi tí ọ̀rẹ́ yín wí, lọ́nà agbami. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fi ẹ̀rọ yín sí ọ̀nà ìkọ̀wé kan náà kí ẹ tó fún ara yín ní àmì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbé e jáde sínú oòrùn

Nínú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ojú ẹ̀rọ ló ń dán. Ẹ ní kí wọ́n tàn án, ẹ gbé e sójú oòrùn ọ̀sán. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ ṣíji bò ó kí ẹ tó rí i, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá máa ń lo gíláàsì oòrùn, ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ sì yí orí yín sọ́tùn-ún sósì, torí àwọn gíláàsì kan ń sọ ojú ẹ̀rọ di dúdú. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ oníbọ́tìnì ju èyí tí a ń fi ìka rá lójú lọ. Ọwọ́ apẹja ń tutù, ó ń yọ̀, ìpẹ́ ẹja sì wà lára rẹ̀. Bọ́tìnì kò ka ìyẹn sí. Ẹ wá IPX7 nínú ìwé rẹ̀: ó túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìbàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Inú korobá kò tó láti fi dán an wò, kò jìn tó kí ìró lọ kí ó sì bọ̀. Ẹ bẹ oníṣòwò kí ẹ jọ dé jẹ́ẹ́tì. Ẹ ti sẹ́ńsọ̀ bọ omi, ẹ sọ òjé yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá iye wọn bára mu. Ẹ dúró kí GPS rí sátẹ́láìtì.

Mo ti jẹ ìyà èyí rí. Mo ra àlòkù kan torí owó rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ rekete. Nígbà tí mo gbé e dójú omi, mítà 1.2 ló ń kọ níbi gbogbo, yálà etí bèbè tàbí àárín ọ̀sà. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n sì ti gé wáyà rẹ̀, wọ́n tún un so, wọ́n fi téèpù dúdú wé e. Bí mo bá ti fi ọwọ́ tọ wáyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni, ǹ bá ti kan kókó rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yín tọ ọ́. Wáyà sẹ́ńsọ̀ kò gbọdọ̀ ní kókó kankan, ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ gé e bó bá gùn jù.

Bí ẹ bá ń kàn án mọ́ ìdí ọkọ̀, apá ọ̀tún ni fún ẹ́ńjìnnì tí pùròpẹ́là rẹ̀ ń yí sí ọ̀tún, kí ó jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí pùròpẹ́là náà, torí ìfóòfó omi kì í jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ gbọ́ràn. Ẹ ya wáyà rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ihò tí ẹ bá lu, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i kí ọkọ̀ tó kan omi.

Ìkìlọ̀

Ẹ má gbé bátìrì sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo. Òórùn bẹntiróòlù máa ń rọra kó jọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, iná kékeré tó bá ṣẹ́ lẹ́nu wáyà bátìrì sì tó láti jó gbogbo yín. Bátìrì níwájú, epo lẹ́yìn, fíùsì nítòsí ẹnu bátìrì.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ ẹ̀rọ. Sẹ́ńsọ̀ ń wo ìsàlẹ̀, kò rí igi tó wà níwájú, kò rí ọkọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá ń la ìgbì ẹnu òkun kọjá, ojú yín ni kí ẹ lò. Ní òru, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkùnkùn yóò di ògiri lójú yín.

Ẹ fi àmì sí gbogbo ibi tí àwọ̀n yín ti ha rí, àti sí àwọn ilé epo rọ̀bì tó wà lójú òkun. Mítà 500 yí ilé epo kọ̀ọ̀kan ká ni ààlà ààbò rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Òfin ẹja òkun Nàìjíríà ti ọdún 1992 fi máìlì ojú omi márùn-ún láti etíkun, tí ó tó kìlómítà 9 àti díẹ̀, sílẹ̀ fún àwọn apẹja kékeré, ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá fa àwọ̀n yín ya nínú ààlà náà, ẹ tẹ àmì lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ wákàtí àti nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà. Mo ti rí ẹni tó sọkún dé ọ́fíìsì ìjọba tí kò lè sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì dá a padà sílé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àkọ́kọ́ ni gbígba àwòrán ẹja gbọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń ya ẹja kéékèèké sójú rẹ̀, àmọ́ ohunkóhun tó bá léfòó láàárín omi ló ń sọ di ẹja: ọ̀rá, ewé, ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì sómi. Ẹ pa iṣẹ́ yẹn. Ẹja gidi, bí ọkọ̀ bá ń rìn kọjá lórí rẹ̀, máa ń yọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tí a da ojú rẹ̀ dé. Bí ọkọ̀ àti ẹja bá dúró pa pọ̀, ìlà gígùn ni ẹ ó rí.

Èkejì ni láti da àwọ̀n síbi tí ẹja ti wà tẹ́lẹ̀. Etí ọ̀tún ojú ẹ̀rọ ni ìsinsìnyí. Gbogbo ohun tó wà ní òsì rẹ̀ ti kọjá lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ẹ bá rí ẹja ní àárín, ẹ̀yìn ni kí ẹ padà sí.

Ẹlòmíràn á gbé agbára gbígbọ́ ẹ̀rọ dé òkè pátápátá, ojú rẹ̀ á wá kún fún èérún. Ẹ gbé e sókè títí èérún á fi yọ, kí ẹ wá dín in kù díẹ̀. Nínú omi tí kò jìn, ẹ lè rí ilẹ̀ kejì ní ìlọ́po méjì ilẹ̀ tòótọ́. Ìró tó lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni, ó sì wúlò, torí ilẹ̀ líle ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ kì í dá ìró padà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ kọ sínú ìwé nígbà tí ẹ ń sọ òjé wé e, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ojú yín á ti mọ ẹrẹ̀ yàtọ̀ sí àpáta.

Kí ẹ tó tú okùn ọkọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ tẹ àmì sí èbúté yín, ẹ pè é ní ILÉ. Ẹ lọ sí ibi kan tí ẹ mọ̀ ní ojú ọ̀sán gangan, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ mú yín padà, kí ẹni kejì máa wo kọ́ńpáàsì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó gbé e jáde lóru.